Àmì kan ṣoṣo, góòlù díẹ̀: Kí ló dé tí ikọ̀ Mena orílẹ̀èdè Niger fi ń padà lẹ́nu ọ̀nà?

Bí èèyàn bá gba orí afárá Kennedy kọjá láti àárín ìlú Niamey, tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀èdè Niger, Harobanda ló máa bọ́ sí. Nínú èdè Zarma, ìtumọ̀ orúkọ náà ni "ẹ̀yìn omi". Apá ọ̀tún odò Ọya ni agbègbè yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Abdou Moumouni wà.

Ní Harobanda, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri Niger, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kóra jọ sí fada, ìyẹn àgbájọ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà tàbí níwájú ilé. Wọn a sè tíì, wọn a sì máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ Mena, ìyẹn ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀èdè náà, ìbéèrè kan ló ń jẹyọ: kí ló dé tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń padà?

Ìbéèrè náà kì í ṣe àsọdùn. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni Mena sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá, tí ọwọ́ wọn kò sì tó o. Lẹ́ẹ̀kíní, àmì kan ṣoṣo ló dínà mọ́ wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, iye góòlù ni. A ṣe àlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Accra?

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, Mena lọ bá Black Stars ti Ghana nílé wọn nílùú Accra. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn láti wọ ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, AFCON 2025, ni. Niger ló borí pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan.

Kí orílẹ̀èdè bíi Niger lọ na Ghana nílé, ohun tó yẹ kí wọ́n fi jó ni. Àmọ́ ní ọjọ́ kan náà, Sudan àti Angola gbá ọ̀mì òdo sí òdo. Ẹyọ àmì kan tí Sudan rí níbẹ̀ ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́ kejì pẹ̀lú àmì 8. Niger ní 7. Angola ló ṣíwájú pẹ̀lú 14, Ghana sì gbẹ́yìn pẹ̀lú 3.

Ẹgbẹ́ méjì péré ló ń kọjá. Bí Mena ṣe borí tán ni wọ́n gbọ́ pé ilé ni wọ́n ń lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe pàdánù pléọ́ọ̀fù ife ẹ̀yẹ àgbáyé?

Fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2026, ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ni wọ́n pín àwọn orílẹ̀èdè Áfíríkà sí. Ẹni tó ṣíwájú ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ti rí àyè gbà. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó ṣe ipò kejì, mẹ́rin tó dára jù ni wọ́n mú lọ sí pléọ́ọ̀fù, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àfikún fún àwọn tí kò rí àyè gbà tààrà.

Ìsọ̀rí E ni Niger wà, pẹ̀lú Morocco, Tanzania, Zambia àti Congo-Brazzaville. Eritrea ti yọwọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ márùn-ún ló kù níbẹ̀, nígbà tí mẹ́fà wà ní àwọn ìsọ̀rí yòókù. Kó má bàa sí ìrẹ́jẹ, wọ́n yọ àmì tí àwọn ẹgbẹ́ ipò kejì yòókù gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́yìn ní ìsọ̀rí wọn kúrò nínú ìṣirò.

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, Gabon ní àmì 19, DR Congo ní 16. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wá wà lórí àmì 15: Cameroon, Nàìjíríà, Burkina Faso àti Niger. Àyè méjì péré ló sì kù.

Iye góòlù tí kálukú gbá wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èyí tí wọ́n gbá wọlé rẹ̀, ni wọ́n fi yà wọ́n. Cameroon kọjá. Nàìjíríà ní góòlù méje lókè, Burkina Faso ní mẹ́fà. Niger kò ní tó wọn. Bí Nàìjíríà ṣe gba àyè tó kẹ́yìn nìyẹn, tí Burkina Faso àti Niger sì jókòó sílé.

Ẹ wo ohun tó fà á. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Nàìjíríà na Benin Republic ní góòlù mẹ́rin sí òdo nílùú Uyo, Victor Osimhen sì gbá mẹ́ta níbẹ̀. Ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀, Morocco ti gbá góòlù márùn-ún wọlé Niger ní Rabat láìgba ẹyọ kan padà.

Ìgbà kan wà tí ìṣirò gbè wọ́n

Àwọn àgbà inú olólùfẹ́ Mena mọ̀ pé ìṣirò tó ń dá wọn dúró lónìí ti gbé wọn wọlé rí.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2011, Íjíbítì na Niger ní góòlù mẹ́ta sí òdo. Lọ́jọ́ náà, Gúúsù Áfíríkà àti Sierra Leone gbá ọ̀mì òdo sí òdo. Niger, Gúúsù Áfíríkà àti Sierra Leone wá ní àmì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án.

Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí pápá, nítorí wọ́n rò pé iye góòlù ni wọ́n máa fi yà wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé òfin ìdíje ọdún náà sọ pé èsì tí àwọn tí àmì wọn dọ́gba gbà láàárín ara wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Niger ló ṣíwájú lórí ìyẹn. Bí Mena ṣe lọ sí AFCON fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Harouna Doula Gabdé.

Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún lọ. Guinea na wọ́n ní góòlù kan sí òdo nínú abala kìíní, Niger sì gbá méjì sí òdo padà ní Niamey. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ abala méjì, irú èyí tó ń lé àwọn ẹlòmíràn padà, ni Mena borí nígbà náà. Gernot Rohr ló ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní AFCON 2013.

Láti ìgbà náà, wọn kò tíì padà dé AFCON. Ọmọ tí wọ́n bí ní Harobanda lọ́dún 2013 ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, kò sì tíì fi ojú ara rẹ̀ rí Mena nínú ìdíje náà rí.

Ṣé pápá ilé ló fà á?

Ohun kan wà nínú ìtàn 2011 tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Gbogbo àmì mẹ́sàn-án tí Niger ní, ìlú Niamey ni wọ́n ti rí i. Wọ́n na Íjíbítì, tó gba ife ẹ̀yẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ní 2006, 2008 àti 2010. Wọ́n na Sierra Leone. Wọ́n na Gúúsù Áfíríkà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá lẹ́yìn odi, wọ́n pàdánù rẹ̀. Pápá ilé ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láti ìgbà tí àjọ CAF ti le mọ́ àwọn orílẹ̀èdè lórí irú pápá tí wọ́n lè lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé wọn nílẹ̀ òkèèrè. Niger wà lára wọn. Ìlú Marrakech ni wọ́n ti gba Tanzania àti Zambia lálejò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ìlú Berkane ni wọ́n ti gba Ghana lálejò. Morocco ni ìlú méjèèjì wà.

Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni ti oṣù Kẹta ọdún 2025. Niger ló yẹ kó gba Morocco lálejò, àmọ́ ìlú Oujda, ní Morocco, ni wọ́n ti gbá a. Ẹni tó jẹ́ àlejò lórí ìwé wá di onílé.

Niger ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ náà. Morocco dá a padà. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé, tí wọ́n ti wà nínú àfikún àsìkò, Bilal El Khannouss gbá góòlù kejì wọlé fún Morocco. Méjì sí ẹyọ kan ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọ̀mì ni eré náà parí sí, àmì 16 ni Niger ìbá ní dípò 15. Àmì 16 ìbá gbé wọn kọjá Cameroon, Nàìjíríà àti Burkina Faso lọ sínú pléọ́ọ̀fù, láìní ka góòlù kankan. Nàìjíríà ni ìbá sì jókòó sílé. Góòlù kan ní àfikún àsìkò ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

Àmọ́ kì í ṣe pápá nìkan la lè dá lẹ́bi. Mena tó na Ghana ní Accra, tó sì lọ na Tanzania àti Zambia nílé wọn, ti fi hàn pé wọ́n lè borí lẹ́yìn odi. Tanzania kan náà sì na wọ́n ní Marrakech, níbi tí kò ti sí ẹni tó jẹ́ onílé. Ọ̀mì kan níbẹ̀ náà ìbá ti tó.

Ẹni tó gba àyè náà ńkọ́?

Ohun tó tún dun àwọn olólùfẹ́ Mena ni pé Nàìjíríà tó gba àyè ìkẹyìn náà kò lò ó dé ibi tó yẹ.

Kí pléọ́ọ̀fù tó bẹ̀rẹ̀ ní Rabat, àwọn agbábọ́ọ̀lù Super Eagles kọ̀ láti lọ ṣe ìgbaradì nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà. Síbẹ̀, wọ́n na Gabon ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan lẹ́yìn àfikún àsìkò ní ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, DR Congo ló kàn. Frank Onyeka gbá góòlù wọlé kí eré tó gbóná, Meschack Elia dá a padà. Osimhen fara pa, kò sì padà wá lẹ́yìn ìsinmi. Lẹ́yìn 120 ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ di pẹnáritì, ìyẹn wò mí n gbá a sí ọ. DR Congo borí pẹ̀lú mẹ́rin sí mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kejì léraléra nìyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Nàìjíríà àti Ghana gbá ọ̀mì òdo sí òdo ní Kumasi, wọ́n tún gbá ọ̀mì ẹyọ kan sí ẹyọ kan ní Abuja. Góòlù tí Thomas Partey gbá wọlé ní Abuja ló gbé Ghana lọ sí Qatar, nítorí góòlù tí èèyàn bá gbá nílé onílé ló wúwo jù nígbà náà. Àjọ UEFA ti pa òfin yìí rẹ́ ní Yúróòpù lọ́dún 2021, àmọ́ ó ṣì múlẹ̀ ní Áfíríkà. Inú bí àwọn òǹwòran lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ya wọ inú pápá, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́.

Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nìkan ló ń ṣubú ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ítálì tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹrin pàdánù pléọ́ọ̀fù sọ́wọ́ Sweden lọ́dún 2017, wọ́n tún pàdánù sọ́wọ́ North Macedonia lọ́dún 2022. Burkina Faso na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí méjì lọ́dún 2013, wọ́n pàdánù abala kejì ní ẹyọ kan sí òdo, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi ń dunni tó báyìí?

Nínú ìdíje ọlọ́pọ̀ eré, ẹgbẹ́ tó bá kọsẹ̀ lónìí lè tún un ṣe lọ́la. Nínú eré kan tàbí méjì, kò sí ọ̀la. Ìfarapa ẹnì kan, ìjà lórí owó, bọ́ọ̀lù kan tó ba igi góòlù, èyíkéyìí nínú wọn lè gba iṣẹ́ ọdún méjì dànù. Èyí ni kò jẹ́ kí ó rọrùn láti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ìjàkadì ìbílẹ̀ ni eré ìdárayá tí Niger fi ń yangàn jù. Níbẹ̀, ẹni tó bá ṣubú ti ṣubú, gbogbo èèyàn ló rí i. Kò sí ẹni tó ń borí tán, tí wọ́n á tún wá sọ fún un pé ìṣirò ibòmíràn ti lé e padà. Irú ìjákulẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń fún wọn yìí le láti gbé mì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí Mena bá wo ẹ̀yìn, ohun tí wọ́n máa rí kò ṣòro láti kà: ọ̀mì kan tí wọn kò rí ní Marrakech, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọn kò lè dì mú ní Oujda, góòlù márùn-ún tó wọlé wọn ní Rabat.

Kí ló kù báyìí?

AFCON 2027 yóò wáyé ní Kenya, Uganda àti Tanzania. Níwájú rẹ̀, ohun méjì wà lọ́wọ́ Niger láti ṣe. Èkíní ni kí pápá Seyni Kountché wà ní irú ipò tí CAF fẹ́, kí Mena lè padà máa gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn èèyàn wọn. Ìjọba àti àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù lọ̀rọ̀ yìí kàn, kì í ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Èkejì ni kí wọ́n mọ̀ pé kò sí góòlù tí kò níye. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ti ń pàdánù pẹ̀lú góòlù mẹ́ta, ó rọrùn láti jẹ́ kí ọwọ́ rọ. Àmọ́ ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa kà lóṣù tó ń bọ̀.

Ní ti àwọn tó ń jókòó sí fada ní Harobanda, wọn kò ní kí Mena gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó lè na Ghana ní Accra wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tó yege.