Nígbà Tí Oògùn Bá Ń Bá Ara Jà

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mọ ohun tí à ń pè ní èèwọ̀: ohun tí Táyé ń jẹ, Kẹ́hìndé lè má gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn. Èyí tó wo ẹnì kan sàn, ara ẹlòmíràn lè kà á sí ọ̀tá, kó sì dìde sí i. Awọ ara ni ìjà náà ti sábà máa ń hàn.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ara á sú, á máa yún, á sì wú káàkiri. Ti ẹlòmíràn, ojú kan ṣoṣo ni á dúdú, bí ètè. Tó bá tún gbé oògùn yẹn mì, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti yọ. Pẹnisílíìnì àti oògùn súfà, bíi Septrin àti Fansidar, wà lára àwọn tó máa ń fà á. Ìyún ti Chloroquine, tí Nàìjíríà fi oògùn ACT rọ́pò fún ibà ní 2005, yàtọ̀: ara kì í sábà sú ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ní Cheetham Hill níbí, ẹ má ṣe máa pín oògùn tó ti ilé wá fún ara yín. Bí ara bá sú, ẹ má gbé òmíràn mì kí ẹ tó pe dókítà tàbí 111. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání. Bí ètè tàbí ọ̀fun bá wú, tí èémí kò já geere, 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀. Bí awọ bá ń bó, tí ẹnu tàbí ojú ń dégbò, ilé ìwòsàn ló kàn: North Manchester General wà nítòsí wa ní Crumpsall.

Ẹ kọ orúkọ oògùn tó bá yín jà sílẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fún yín lóògùn.