Ìpalẹ̀mọ́ Ìrìn-Àjò Ìgbafẹ́ sí Òkè-Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ gba afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè mu púpọ̀. Ìrìn-àjò kan wà tí ènìyàn lè lọ lọ́dọọdún tí kò sì gba ìrònú púpọ̀. Òmíràn sì wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè lọ ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ láyé wọn, nítorí pé owó rẹ̀ kò kéré, àti nítorí pé ọmọdé kì í dúró ní kékeré de ẹnikẹ́ni. Irú èyí ni ìrìn-àjò sí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá tí ó wà nítòsí ìlú Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ìdílé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn Yorùbá tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé pẹ̀lú, a máa fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó owó jọ nítorí rẹ̀.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ọgbà náà jẹ́. Walt Disney, ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé nítorí àwòrán eré tí ó ń ṣe, ṣí ọgbà rẹ̀ kìíní sí ìlú Anaheim, ní California, ní ọdún 1955. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò mìíràn fi kọ́ ilé yí ọgbà náà ká, tí kò fi sí àyè láti fẹ̀ ẹ́ mọ́. Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ àbàtà ní Florida ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ní orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́ ọn, kí àwọn onílẹ̀ má baà gbé owó lé ilẹ̀ wọn. Ikú pa á ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1966, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọgbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Roy Disney, ni ó parí iṣẹ́ náà. Ó ṣí ọgbà náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1971, ó sì pè é ní Walt Disney World, kí orúkọ àbúrò rẹ̀ má baà parun. Òun náà kú ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún kan náà. Lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 éékà. Ọgbà ńlá mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: Magic Kingdom tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, Epcot tí wọ́n ṣí ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Àwọn ọgbà Universal pẹ̀lú wà ní Orlando: wọ́n ṣí èyí àkọ́kọ́ ní 1990, wọ́n sì ṣí Epic Universe ní 2025. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè rìn wọ́n já ní ọjọ́ méjì kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìbéèrè nípa owó bẹ̀rẹ̀ ètò wọn. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kìíní ni pé, ta ni ń lọ? Bí a bá mú ìdílé kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpẹẹrẹ, a lè bá bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá àgbà kan tí ó wá láti Ìbàdàn láti bá wọn tọ́ ọmọ. Ìyá àgbà yìí ni ó ń dúró ti àwọn ọmọ nígbà tí àwọn òbí wọn bá lọ síbi iṣẹ́ òru. Òun ni ó pọ̀n wọ́n, òun ni ó kọ́ wọn ní oríkì wọn. Ènìyàn mẹ́fà ni ó wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà wọn kì í ṣe irú kan náà.

Ẹni tí ó bá ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà láti lọ ṣe fàájì ní Amẹ́ríkà. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ESTA ni yóò gbà. Ní ìparí oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ ọdún 2025, wọ́n sọ owó rẹ̀ di $40 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, bí ìwé ìrìnnà ẹni náà kò bá tètè parí ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ti ìyá àgbà. ESTA kò sí fún un, bí ó tilẹ̀ ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ogún ọdún, nítorí pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni òfin ń wò, kì í ṣe ìlú tí ó ń gbé. Físà ni irú wọn gbọ́dọ̀ gbà. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2025 ni Ààrẹ Amẹ́ríkà sì kéde pé, láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, àwọn yóò dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò dúró, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ìdílé tí ó bá ti san owó ọkọ̀ òfúrufú fún ènìyàn mẹ́fà kí ó tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ti fi owó ara rẹ̀ ra ẹkún.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àkókò. Oṣù Ògún ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ìsinmi gígùn, ìgbà náà ni owó ọkọ̀ òfúrufú sì máa ń wọ́n jù. Àwọn òbí mìíràn a máa gbèrò láti mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ka òfin. Láti oṣù Ògún ọdún 2024, bí ọmọ bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgba àṣẹ, wọ́n lè bu ìtanràn £80 lé òbí rẹ̀ lórí. Bàbá ń san tirẹ̀, ìyá ń san tirẹ̀, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, owó náà di £480. Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá sì kọjá láìsan án, £80 kọ̀ọ̀kan a di £160. Ẹni tí ó rò pé òun ń ṣọ́wó ná kò ní pẹ́ mọ̀ pé èrè kò sí níbẹ̀, láì tilẹ̀ sọ ti ẹ̀kọ́ tí ọmọ pàdánù.

Ojú-ọjọ́ pẹ̀lú ní ti rẹ̀ láti sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù títí dé òpin oṣù Bélú ni àkókò ìjì líle ní Florida. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ìjì tí wọ́n ń pè ní Milton mú kí àwọn ọgbà Orlando ti ilẹ̀kùn wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn a máa mú gan-an, ààrá a sì máa sán ní ọ̀sán. Bí mànàmáná bá ti ń kọ, wọn a dá àwọn eré tí kò sí lábẹ́ òrùlé dúró. Nítorí náà, ìdílé tí ó gbọ́n kì í di gbogbo ọjọ́ pa. Wọn a fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ fún ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Nígbà yìí ni ó tó kan owó. Ohun mẹ́rin ni ó ń jẹ ẹ́: ọkọ̀ òfúrufú, tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé, ibùsùn, àti oúnjẹ. Ní ọgbà Disney ti Florida, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san owó ìwọlé. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, wọn a san owó ọmọdé. Ẹni tí ó bá sì ti pé ọdún mẹ́wàá ti di àgbà lójú wọn. Owó náà kì í dọ́gba láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọjọ́ tí èrò ń pọ̀ ni ó ń wọ́n. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù ń gbà kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ ni èsúsú tí àwọn baba ńlá wọn ti ń dá. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá £300 lóṣooṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó £3,600 lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún kan. Bí bàbá bá ń dá ọwọ́ kan tí ìyá sì ń dá ọwọ́ kan, owó náà di £7,200. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó so èsúsú ró. Ẹni tí a kò mọ ìdí ilé rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń bá dá a. Ohun tí ó burú jù ni kí ènìyàn yá owó èlé lọ ṣe fàájì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni fàájì náà. Gbèsè rẹ̀ lè dúró títí àwọn ọmọ yóò fi gbàgbé ohun tí wọ́n rí. Ṣe-bí-o-ti-mọ kì í tẹ́.

Owó tí a bá ti san pẹ̀lú ń fẹ́ ààbò. Láti ọdún 1973 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní ATOL ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ń ta ọkọ̀ òfúrufú àti ibùsùn pọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ta ìrìn-àjò bá wó, wọn yóò kó ẹni tí ó ti lọ padà wálé, wọn yóò sì dá owó padà fún ẹni tí kò tíì lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Thomas Cook, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1841, wó lulẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni ìjọba ní láti ṣètò bí wọn yóò ṣe padà sílé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á béèrè ìwé ATOL kí á tó sanwó. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ adójútòfò fún àìsàn. Ìwòsàn ní Amẹ́ríkà wọ́n púpọ̀, káàdì ìlera tí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú lọ sí ilẹ̀ Faransé kò sì wúlò níbẹ̀ rárá. Apá kan tí ó ṣẹ́ lè jẹ gbogbo owó tí a fi ọdún mẹ́ta kó jọ.

Nínú ọgbà fúnra rẹ̀, ọgbọ́n ju agbára lọ. Kí wọ́n wọn gíga àwọn ọmọ nílé. Ọmọ tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 112 kò lè gun eré Space Mountain ti Magic Kingdom. Eré Hulk ti Universal ń fẹ́ 137. Ó sàn kí ọmọ gbọ́ èyí nílé ju kí ó tò sí ìlà tán kí wọ́n tó dá a padà. Bí ọmọ kan bá kéré jù, bàbá lè kọ́kọ́ gun eré náà kí ìyá dúró ti ọmọ. Lẹ́yìn náà, ìyá yóò wọlé láìtún tò sí ìlà gígùn, bí wọ́n bá ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú. Ìlà kúkúrú tí wọ́n ń sanwó fún wà pẹ̀lú. Láti ọdún 2024, ẹni tí ó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Disney lè yàn án ní ọjọ́ méje ṣáájú, àwọn yòókù ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí ó mọ ibẹ̀ a máa tètè dé ní òwúrọ̀, wọn a padà lọ sinmi ní ọ̀sán, wọn a sì tún lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti ìyá àgbà tí ìwé rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ, àwọn ọmọ lè gbọ́ tí ó ń sọ pé, “Ẹ máa lọ, èmi yóò ṣọ́ ilé.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà máa ń wí. Àwọn òbí ni ó kù fún láti mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ni ó ti wá, tàbí ẹnu rẹ̀ nìkan. Ọ̀nà mìíràn kò ṣàìsí. Ọgbà Disney kan wà ní Marne-la-Vallée, kìlómítà 32 sí ìlú Paris, tí wọ́n ṣí ní oṣù Igbe ọdún 1992. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú-irin ń gba abẹ́ òkun dé Paris láàárín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án kí ó tó dé Orlando. Ìyá àgbà yóò gba físà fún èyí náà, ṣùgbọ́n ó lè béèrè fún un ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Kí wọ́n dúró de èsì kí wọ́n tó san owó tí kò ṣeé gbà padà. Ọgbà ti Paris kò tó ti Florida lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò pàdánù ohun púpọ̀, kò sì yẹ kí á fi èyí pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Síbẹ̀, ọwọ́ tí ó pọ̀n wọ́n yóò wà pẹ̀lú wọn.

Kò sí ẹni tí ó lè bá ìdílé kan yan èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń yàn, kí wọ́n sì yàn án kí owó tó jáde, ní ìjókòó tí gbogbo wọn wà, àgbà àti ọmọdé. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ìrìn-àjò tí ó bá dára, a ó mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ ìpadàbọ̀: bí gbèsè kò bá tẹ̀lé wọn wálé, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá sì ní ohun tí ó ń fi pa mọ́ sínú nígbà tí wọ́n bá ń wo àwòrán rẹ̀.