Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín dé? Wo bí ẹ ṣe lè fi rìmóòtù tuntun mọ ọkọ̀ náà nílé

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, Kùtọnu àti Tema ní Ghana ló jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń bá wọn wá láti òkè òkun.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ á yẹ ẹ́ńjìnnì wò, á wo bọ́dì, á yẹ ìwé ọkọ̀ wò, àmọ́ kì í sábà béèrè pé kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́. Ìgbà tí ẹyọ kan náà bá já bọ́ sí gọ́tà ní Àbújá, tàbí tí wọ́n jí i pẹ̀lú báàgì nínú ọjà ní Kano, ni yóò tó yé e pé kì í ṣe irin lásán ló sọnù.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣàjèjì. Wọ́n á wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà, rewáyà á tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, owó tí ẹni náà kò múra sílẹ̀ fún á sì bá ibẹ̀ lọ.

Àmọ́ apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí onímọ́tò lè ṣe fúnra rẹ̀ nílé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láì lo irinṣẹ́ kankan. Apá kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè ṣe nílé. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjéèjì kò ní ra ohun tí kò ní wúlò fún un, kò sì ní fi ọkọ̀ rẹ̀ lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ méjì ni kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣe

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ láti ṣí ìlẹ̀kùn tàbí láti tì í. Rédíò kékeré kan ló wà nínú rìmóòtù náà, bátìrì ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ó máa fi nọ́mbà àṣírí kan ránṣẹ́ sí ọkọ̀, ọkọ̀ á sì wò ó bóyá ọ̀dọ̀ rìmóòtù tí òun mọ̀ ló ti wá.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nọ́mbà yìí máa ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, kí olè má baà gbà á sílẹ̀ lónìí kó sì lò ó lọ́la.

Iṣẹ́ kejì kì í hàn sójú. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú ike tó wà lórí kọ́kọ́rọ́ náà, kì í sì í lo bátìrì rárá. Wáyà tí wọ́n wé yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ló ń fún un lágbára nígbà tí ẹ bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ibẹ̀. Ṣíìpù á sọ ẹni tí òun jẹ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn, tàbí kó dáhùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì kú. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní immobiliser.

Ìdí nìyí tí kọ́kọ́rọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti kú fi lè sítáàtì ọkọ̀. Ìdí nìyí bákan náà tí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé lẹ́bàá ọ̀nà lè ṣí ìlẹ̀kùn, kó sì máa yí dáadáa nínú ihò, síbẹ̀ kí ọkọ̀ má ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní immobiliser

Ilẹ̀ Yúróòpù sọ immobiliser di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní ọdún 1998, Canada sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá, kò sọ ọ́ di dandan.

Àbájáde rẹ̀ hàn kedere lára àwọn ọkọ̀ Hyundai àti Kia kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2011 sí 2021. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo kọ́kọ́rọ́ onírin kò ní immobiliser. Lẹ́yìn tí fídíò tó ń ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ń jí wọn tàn ká orí TikTok, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn gbé kiri. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, iléeṣẹ́ méjèèjì kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ sí ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 8.

Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà, torí láì ṣe é, irin kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà láàárín òun àti olè.

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì ná

Kí ẹ tó ra rìmóòtù tuntun, ẹ wò ó bóyá bátìrì ló kú. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ ní láti sún mọ́ ọkọ̀ gan-an kí bọ́tìnnì tó ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn.

Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ló ń lo bátìrì olówó ẹyọ tí wọ́n ń pè ní CR2032. Nọ́mbà náà fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀: mìlímítà 20 ni fífẹ̀ rẹ̀, ó sì nípọn tó mìlímítà 3.2. CR2025 fẹ̀ tó o, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó sì lè máa mì nínú rìmóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́mbà tó wà lára bátìrì àtijọ́ ni kí ẹ rà.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì láti sítáàtì, irin kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sábà máa ń wà nínú ike rìmóòtù náà fún ìlẹ̀kùn. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, bí ẹ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, tí ẹ sì gbé rìmóòtù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kan bọ́tìnnì náà, ọkọ̀ á ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe fi bátìrì àtijọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Bó bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Rìmóòtù wo ló yẹ kí ẹ rà?

Ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti Abossey Okai ní Accra, rìmóòtù tó jọra wọn bí ìbejì pọ̀ lọ jàra. Ìrísí nìkan kò tó.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbì rédíò tó ń lò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń lo 315 MHz, èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù sì ń lo 433 MHz. Bí Camry yín bá wá láti Amẹ́ríkà, rìmóòtù Toyota tó wá láti Jámánì kò ní bá a sọ̀rọ̀, bí ìrísí wọn tilẹ̀ jọra.

Ohun kejì ni nọ́mbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìmóòtù ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi FCC ID bẹ̀rẹ̀. Nọ́mbà ti tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Bí ti àtijọ́ bá ti sọnù, ẹ fi irú ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún wá a.

Ohun kẹta ni bóyá ẹnìkan ti lò ó rí. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ọkọ̀ oníbọ́tìnnì ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi wọ́n mọ ọkọ̀ kan, wọn kì í gba ọkọ̀ mìíràn mọ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa ìrántí wọn rẹ́.

Báwo lẹ ṣe lè fi í mọ ọkọ̀ nílé?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ yín ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àmọ́ ìlànà kan náà ni: ẹ máa ṣe àwọn nǹkan kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíákíá, títí ọkọ̀ á fi fèsì pé òun ṣetán láti gba rìmóòtù.

Ẹ jẹ́ ká fi Honda Accord àti Civic ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ṣàpẹẹrẹ, èyí tó ṣì pọ̀ lójú pópó ní Nàìjíríà.

Ẹ wọlé sínú ọkọ̀, kí ẹ ti gbogbo ìlẹ̀kùn, kí gbogbo rìmóòtù tí ẹ ní sì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń ti ìlẹ̀kùn lórí rìmóòtù, kí ẹ sì pa kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbésẹ̀ kan kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ sí èkejì.

Ẹ yí i sí ON lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì náà. Bí ìlẹ̀kùn bá dún pé òun tì, òun ṣí, ọkọ̀ ti ṣetán nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rìmóòtù kọ̀ọ̀kan ní kíákíá, kí ìlẹ̀kùn máa dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́.

Lórí ọ̀pọ̀ Ford, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń yí láti ibi tó ti kú sí ON lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ti Camry àti Corolla ìgbà náà gùn jù, ó ní í ṣe pẹ̀lú títi kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, yíyọ ọ́, àti ṣíṣí ìlẹ̀kùn awakọ̀ àti pípa á dé lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà níbí. Lórí Honda àti Ford yìí, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ọkọ̀ máa ń gbàgbé gbogbo rìmóòtù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò bá sí lọ́wọ́ yín lásìkò náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Toyota ní ọ̀nà méjì: bí ìlẹ̀kùn bá dún lẹ́ẹ̀kan, tuntun ló fẹ́ fi kún ti àtijọ́, bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ pa ti àtijọ́ rẹ́.

Níbo ni agbára yín mọ?

Gbogbo èyí, bọ́tìnnì ìlẹ̀kùn nìkan ló wà fún. Ṣíìpù tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dáhùn ní ètò tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Ford ń gba onímọ́tò láyè láti fi ṣíìpù tuntun mọ ọkọ̀ nílé, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ méjì tí ọkọ̀ ti mọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kó tó lè gba ẹ̀kẹta. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò lè ṣe é.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kù, ẹ nílò ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ojú OBD, ihò kan tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ kan ṣì wà, iṣẹ́ náà sábà máa ń rọrùn. Bí kò bá sí ìkankan mọ́, wọ́n lè ní láti tú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ á sì ga ju èyí tí ẹ bá tètè ṣe lọ.

Kọ́kọ́rọ́ mélòó ni ọkọ̀ yín mọ̀?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í rántí béèrè lọ́wọ́ rewáyà nìyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ tó kì bọ OBD lè sọ iye kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ìrántí ọkọ̀.

Bó bá ní mẹ́ta, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ yín, kọ́kọ́rọ́ méjì wà níbìkan tó lè sítáàtì ọkọ̀ yín. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló kù sí, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti lo ọkọ̀ náà ní Àbújá tàbí Port Harcourt kó tó tà á fún yín, awakọ̀ rẹ̀ àtijọ́ tàbí mẹkáníìkì rẹ̀ lè ní ẹ̀dà lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun ni kí ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n sì tún fi àwọn tó wà lọ́wọ́ yín nìkan mọ ọkọ̀. Irin kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì lè ṣí ìlẹ̀kùn, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kò ní dá a lóhùn.

Ẹ dúró tì í títí iṣẹ́ á fi parí, torí ẹ̀rọ tó fi kọ́kọ́rọ́ kan kún un lè fi méjì kún un. Bí oníṣẹ́ náà bá ní kí ẹ mú ìwé ọkọ̀ wá, ẹ má bínú. Ẹni tí kò béèrè lọ́wọ́ yín kò ní béèrè lọ́wọ́ olè.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sítáàtì ọkọ̀. Kí ẹ wá tọ́jú èkejì sílé, kì í ṣe sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.