Geminga: Ìràwọ̀ Tí A Pè Ní “Kò Sí Níbẹ̀”

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìràwọ̀ kan wà nínú agbo ìràwọ̀ tiwa yìí tí ó gba orúkọ nítorí pé a wá ilé rẹ̀ tì. Geminga ni orúkọ náà. Giovanni Bignami, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè ìlú Milan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “kò sí níbẹ̀.”

Ìtànṣán gámà ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí ìràwọ̀ yìí. Irú ìmọ́lẹ̀ kan ni gámà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti èyí tí ojú ń rí lọ púpọ̀púpọ̀. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀. Òkè afẹ́fẹ́ ni a ti í ṣọ́ ọ. Ní oṣù November 1972, a ta sátẹ́láìtì SAS-2 sókè láti ojú òkun lẹ́bàá ilẹ̀ Kenya. Ó rí i pé gámà ń wá láti apá ojú ọ̀run tí à ń pè ní Ìbejì.

Níbo gan-an ni ó ti ń wá? A kò lè fi gíláàsì kó gámà jọ bí a ti ń kó ìmọ́lẹ̀ lásán jọ. Àwo irin ni a ń tò sí ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá kọlu irin, yóò di ẹyọ iná mànàmáná méjì, ipa wọn ni yóò sì tọ́ka sí ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n àyè tí ipa náà tọ́ka sí fẹ̀ ju òṣùpá lọ, ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò sì lóǹkà.

Orísun gámà méjì mìíràn tí SAS-2 rí, Crab àti Vela, jẹ́ òkú ìràwọ̀: ìyókù ìràwọ̀ ńlá tí ó ti bú, tí ó sún kì, tí ó sì ń pòòyì bí òkòtó. Ẹ̀rọ rédíò ni a fi kọ́kọ́ dá àwọn méjèèjì mọ̀. Ti Geminga kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí, wọn kò gbọ́ nǹkan.

Ní 1983, Bignami àti Patrizia Caraveo pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn tọ́ka sí ohun kan tí ń tan ìtànṣán X ní àyè náà. Ẹ̀rí kò tí ì tó. Ní 1992, Jules Halpern àti Stephen Holt kéde pé ìtànṣán X náà ń ṣẹ́jú ní ìgbà mẹ́rin ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tí ń ṣọ́ gámà yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò: ìṣẹ́jú kan náà ni gámà ń ṣẹ́. Òkú ìràwọ̀ ni Geminga pẹ̀lú.

Láti 2008 tí sátẹ́láìtì Fermi ti gòkè, ó ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí rédíò kò gbóhùn wọn. Ká ní rédíò nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé ni, a kì bá tí kà wọ́n mọ́ ará ọ̀run rárá.