ÌRÌN ỌJỌ́ KAN NÍ ABẸ́ÒKÚTA

Púpọ̀ nínú yín ni ó ti ń ná ọjà Ìtòkú fún ọdún pípẹ́ tí kò sì tí ì gun Olúmọ rí. Ẹlòmíràn gùn ún, ó ya àwòrán, ó mu omi tútù, ó sì padà sí Èkó kí oòrùn ọ̀sán tó mú. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó tí ì rí Abẹ́òkúta nínú àwọn méjèèjì. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàrin Èkó àti Ìbàdàn, tí ó sì ń dúró lọ́dọ̀ wa, ìrìn náà kò le mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè lo ọjọ́ kan níhìn-ín kí ó sì jèrè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Olúmọ ní òwúrọ̀. Ooru ìlú wa kì í ṣe ohun àfiṣeré, pàápàá ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, àpáta a gbóná janjan. Gíga rẹ̀ sí ìpele òkun tó mítà 137. Ìjọba gbé ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè síbẹ̀ nígbà tí a tún un ṣe ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá le fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tí a gbẹ́ sára òkúta. Ẹ ó rí ihò tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí, ẹ ó sì rí ojú ọlọ tí àwọn ìyá wa fi lọ ata lórí àpáta gan-an. Ẹ dúró pẹ́ níbẹ̀. Àwọn afinimọ̀nà fẹ́ràn láti sọ pé àpáta yìí ni ó fún Ẹ̀gbá ní ìṣẹ́gun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ sá ná. Àwọn tí ó fọ́ ìlú Ẹ̀gbá inú igbó kì í ṣe àjèjì: ọmọ-ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ni, ọmọ Oòduà bí àwa náà. Àwọn tí ó ṣẹ́kù gbé Ìbàdàn, ibẹ̀ kò sì rọgbọ fún wọn, títí Ṣódẹkẹ́ fi kó wọn dé abẹ́ òkúta ní ọdún 1830. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ojú ọlọ wọ̀nyí yóò mọ̀ pé ìyá àti ọmọ ni ó sá wá, kì í ṣe jagunjagun nìkan.

Láti orí òkè ẹ ó rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n, àti odò Ògùn. Ní ìhà Àró ni Dàhọ̀mì ti kọlu ìlú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, tọkùnrin tobìnrin wọn. Wọ́n tún wá ní 1864. A lé wọn nígbà méjèèjì.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọjá ní Ìtòkú láàrin àwọn aládìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ má tí ì ra nǹkan kan. Ẹrù kò dára lọ́wọ́ ẹni tí ń lọ sí Aké lábẹ́ oòrùn.

Ní Aké ni Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà, èyí tí a ń pè ní ìyá gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Nàìjíríà. Townsend kọ́kọ́ dé ìlú yìí ní oṣù kìíní ọdún 1843. Ní 1846 òun àti Àjàyí Crowther wá láti máa gbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí a ti kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn. Ní ìlú yìí náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859, tí a ń tà ní 120 owó ẹyọ. Gbogbo àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn ní èdè wa, láti ibẹ̀ ni a ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí ó pa á. Ní ọdún 1867, nígbà tí ìjà àwa àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ti gbóná, àwọn ará ìlú dìde, wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé àwọn òyìnbó. Ìwé Ìròyìn sì dópin. Ìfọ́lé ni a ń pè é. A kì í sábà sọ ọ́ fún àlejò.

Bákan náà ni ààfin Aláké. A ó fi ìtẹ́ àti adé hàn yín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òde ààfin yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí ní ìparí ọdún 1947 nítorí owó-orí, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni aṣáájú wọn. Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ó sì padà ní 1950. Èmi kò sọ èyí láti tàbùkù sí ẹnikẹ́ni. Kábíyèsí padà, ìlú sì gbà á. Àlejò tí a fi adé hàn tí a kò sì fi ibi tí àwọn ìyá wa jókòó sí hàn, ìdajì ààfin ni ó rí.

Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún, tí a kọ́ ní 1930, wà ní Aké kan náà. Ẹ wò ó bí ẹ ti ń sinmi. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, kí ẹ wá padà sí Ìtòkú. Àwọn aládìrẹ tí ó fẹ́ palẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ a máa gbọ́ ìdúnàádúrà ju ti òwúrọ̀ lọ.