Dátà wọ́n, iná ò dúró: bí kọ̀ǹpútà inú ilé ṣe lè máa pín fáìlì láìgba orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni orúkọ wọn. Báǹkì ń fi iṣẹ́ falẹ̀, WhatsApp ń lọ tìkọ̀tìkọ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà fi ohun tó tó ìdá 50 nínú 100 lé owó tí wọ́n ń gbà.

Gbogbo Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n ó wúwo jù létíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Láti Igbókọ̀dá tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn ń wọ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lórí omi. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará ibẹ̀ ti lò láìrí iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni wọ́n fi ń ṣáájì fóònù, bí owó bá sì wà fún epo, owó dátà tún ń dúró.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé ń ná dátà lé lórí tí kò yẹ kó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òun ni fífi fáìlì ránṣẹ́ láti yàrá kan sí ìkejì.

Ọ̀nà wo ni fáìlì ń gbà?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fídíò ìgbéyàwó kan tó wọn 1GB wà lórí kọ̀ǹpútà bàbá ní pálọ̀, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ ẹ sórí tirẹ̀ ní yàrá. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi 'document', kó má baà dín kù, 1GB yóò kúrò nínú dátà bàbá. Fídíò náà yóò kọ́kọ́ wọ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ Meta lókè òkun, lẹ́yìn náà ni 1GB mìíràn yóò tún kúrò nínú dátà ọmọ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. 2GB ti lọ lórí ohun tí kò jáde nínú ilé. Ó dà bíi kí èèyàn fẹ́ gbé agbọ̀n edé láti ojúlé kan sí ìkejì ní Ayétòrò létíkun Ìlàjẹ, kó sì gbé e gba Èkó.

Nẹ́tíwọ̀kì inú ilé kò nílò ìrìn-àjò yẹn. Ráútà tàbí hotspot ló ń fún kọ̀ǹpútà àti fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiwọn, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya irú nọ́ńbà yìí sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, kò sì sí ẹni tó lè ti ìta fi nọ́ńbà náà wá yín kàn. Fáìlì ń kúrò lára ẹ̀rọ kan, ó ń gba ara ráútà, ó ń wọ ẹ̀rọ kejì. Iléeṣẹ́ fóònù kò mọ̀ sí i rárá.

Ẹni tó bá ti jókòó ṣe ìdánwò JAMB ti lo irú nẹ́tíwọ̀kì yìí rí. Láti ọdún 2015 ni gbogbo UTME, ìyẹn ìdánwò náà, ti di ti orí kọ̀ǹpútà, JAMB sì ń béèrè pé kí ibùdó ìdánwò ní ó kéré tán kọ̀ǹpútà 250 tí wáyà so pọ̀. Kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ olórí nínú ọgbà ibùdó náà ló ń pín ìbéèrè fún àwọn yòókù.

Omi ló bí ọgbọ́n náà

Ní ọdún 1971, yunifásítì Hawaii wà nínú irú ìṣòro tí ará Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wà lórí erékùṣù káàkiri, omi ló sì là wọ́n láàárín. Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi rédíò so àwọn kọ̀ǹpútà náà pọ̀, wọ́n sì pe iṣẹ́ wọn ní ALOHAnet. Robert Metcalfe kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ nígbà tó ń ṣe Ethernet ní iléeṣẹ́ Xerox ní ọdún 1973, ìyẹn wáyà tí a ṣì ń kì bọ ẹ̀yìn ráútà títí dòní. Wi-Fi náà jogún nínú ọgbọ́n ALOHAnet.

Kí kọ̀ǹpútà kan tó lè ṣí fáìlì orí òmíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ gbọ́ èdè kan. Barry Feigenbaum ti iléeṣẹ́ IBM ló bẹ̀rẹ̀ èdè tí wọ́n ń pè ní SMB ní ọdún 1983, Microsoft sì gbà á lò. Ní ọdún 1992, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọsirélíà, gbé Samba jáde lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti Microsoft náà lè gbọ́ ọ. Lónìí, Windows, Mac, Linux àti iPhone ló ń gbọ́ SMB.

Kí lẹ nílò?

Ẹ nílò ráútà, tàbí MiFi tí dátà rẹ̀ ti tán, tàbí fóònù Android kan ṣoṣo. Ẹ pa dátà fóònù náà, kí ẹ tan hotspot rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ilé ti délẹ̀ nìyẹn. Ẹ má gbàgbé láti pa dátà náà o, torí bí kọ̀ǹpútà bá rí ọ̀nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe wọlé, kí gbogbo owó yín sì bá a lọ. Ráútà kékeré kì í gbà ju nǹkan bíi wáàtì 10 lọ, nítorí náà sólà kékeré lè gbé e.

Bí Wi-Fi bá ń lọ ní megabit 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì 1GB yóò gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú méje. Wáyà Ethernet oní-gigabit lè gbé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì lè gùn tó mítà 100.

Ìgbésẹ̀ lórí Windows 11

1. Ẹ so kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ́ Wi-Fi kan náà. Ní 'Settings', ẹ wọ 'Network & internet', ẹ ṣí ìsọfúnni Wi-Fi náà, kí ẹ mú 'Private network'.

2. Ẹ wọ 'Advanced network settings', lẹ́yìn náà 'Advanced sharing settings'. Lábẹ́ 'Private networks', ẹ tan 'Network discovery' àti 'File and printer sharing'.

3. Lórí kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà, ẹ dá fódà tuntun kan sílẹ̀, kí ẹ sì kó fáìlì náà sínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú 'Properties', 'Sharing', 'Advanced Sharing', kí ẹ sì máàkì 'Share this folder'. Ní 'Permissions', 'Read' ń jẹ́ kí àwọn yòókù wò ó kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. 'Change' ń jẹ́ kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé, kó dúró lórí 'Read'.

4. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ ṣí 'File Explorer'. Níbi àdírẹ́sì lókè, ẹ kọ \\ kí ẹ fi orúkọ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e, bíi \\PALO. Bí orúkọ bá kọ̀, ẹ lo nọ́ńbà rẹ̀, bíi \\192.168.43.5. Bí ẹ bá kọ ipconfig sínú 'Command Prompt' lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ẹ ó rí nọ́ńbà náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí nìyí: Windows yóò béèrè orúkọ àti páàsíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. PIN tí ẹ fi ń ṣí i láràárọ̀ kò ṣiṣẹ́ níbí. Bí ẹ kò bá rántí páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà fún pípín fáìlì. Kọ̀ǹpútà tó bá sì ti sùn kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn, torí náà ẹ má jẹ́ kó sùn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Fóònù ńkọ́?

Lórí iPhone, ẹ ṣí 'Files', ẹ mú 'Connect to Server', kí ẹ kọ smb:// àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà. Àwọn áàpù tí a fi ń wo fáìlì lórí Android, bíi Solid Explorer, náà ń ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi fáìlì kan lé ẹnì kan lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, Quick Share, AirDrop, Xender tàbí LocalSend ti tó.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ara SMB àtijọ́ wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bíi orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdéhùn àwọn aláìsàn. Oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kó sọ́wọ́ rẹ̀ ni kò fi àtúnṣe náà sí i.

Nítorí náà, ẹ má tan 'SMB 1.0', ìyẹn SMB àtijọ́ náà, láé, kódà bí ẹnì kan bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè wọlé. Ẹ fi páàsíwọ́ọ̀dù tó le sí hotspot yín. Bí ẹ bá wà ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí níbi tí gbogbo èèyàn ti ń lo Wi-Fi kan náà, 'Public network' ni kí ẹ mú.

Ẹ̀dà kan kò tó

Láti ọdún 1947 ni ìjọ Holy Apostles ti tẹ Ayétòrò dó, àmọ́ òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, ó sì tún ń gbé e. Ìwé ẹ̀rí, àwòrán àwọn tó ti kú àti ìwé ilẹ̀ kì í padà bọ̀ bí omi bá gbé wọn. Ẹ lè ya àwòrán wọn, kí ẹ kó wọn sínú fódà tí gbogbo ilé jọ ń lò. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹnì kan bá pa rẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà míì kì í wọ 'Recycle Bin'. Ó ti lọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń jẹ irin inú ẹ̀rọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, sórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó jìnnà sí omi, bóyá ní Òkìtìpupa tàbí Àkúrẹ́.

Ọgbọ́n kan náà wúlò fún ilé ẹ̀kọ́. Kiwix, áàpù ọ̀fẹ́, lè gbé odindi Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á lórí Wi-Fi iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti èdè Yorùbá, tí àyọkà rẹ̀ lé ní 30,000, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹgbẹ́ òbí, kọ̀ǹpútà kan àti ráútà kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, kí ẹ tó fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹni tó fẹ́ gbà á wà. Bó bá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín, ẹ pa dátà yín.