Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Irin àti Òtítọ́ Ìtàn

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwa onílítíréṣọ̀ máa ń bi ìwé àtijọ́ ni pé: ìgbà wo ni a kọ ọ́? Èrò mi ni pé ìbéèrè kan náà ni ẹni tí ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1901, ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n ni ó ṣáájú. Mìlímítà 1,067 ni àlàfo àárín irin méjèèjì. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 64, irin kékeré oní-mìlímítà 16.5 tí ó wà lọ́jà súnmọ́ ọn gan-an. Nítorí náà, ìdá kan nínú 64 ni a ó fi gé gbogbo ara ọkọ̀ náà, títí dé ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ orí ni ó tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ wa bá jẹ́ ti 1904, a kò gbọdọ̀ kó ẹ̀pà Kánò sí i, nítorí Ìbàdàn ni irin náà mọ nígbà náà. 1907 ni ó dé Òṣogbo, 1909 ni ó dé Jẹ́bà. A kò sì gbọdọ̀ kọ “Nigerian Railway” sí i lára, nítorí 1912 ni ojú irin Èkó àti ti Bárò sí Kánò di ọ̀kan, ọdún méjì ṣáájú ìdàpọ̀ Gúúsù àti Àríwá ní 1914.

Ọmọ tí kò bá ìgbà náà láyé yóò gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́. Àpò ẹ̀pà kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ 1904 lè kọ́ ọ pé irin ti so Èkó mọ́ Kánò kí ó tó so wọ́n.